Ìrù Kì í Jẹ Ànàmọ́

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Theuri yìí, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ ó rò pé ó ti pa ẹkùn rí ni. Àyà rẹ̀ á yọ síwájú, wáyà á kọ́ èjìká rẹ̀ yípo, á sì máa dá àwọn obìnrin lóhùn bí ẹni pé wọ́n ń dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Eku ló ń pa. Eku abẹ́ ilẹ̀ ni, èyí tí a ń pè ní huko, tó sanra bí òkété, tó ní eyín gígùn méjì níwájú tó pọ́n bí ìpẹtà, tó ń jẹ ànàmọ́ òyìnbó wa láti ìsàlẹ̀ títí igi rẹ̀ á fi wó lulẹ̀ lójú ẹni. Mi ò sọ pé eku pípa kì í ṣe iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn pa eku, kí ó wá máa yan bí ajagunṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ẹgbẹ́ alánàmọ́ ìsàlẹ̀ òkè Nyandarua ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, èmi náà sì wà nínú ẹgbẹ́. Òfin tí a ṣe ni pé bí Theuri bá pa huko kan, kó gé ìrù rẹ̀ wá síbi ìsọ̀ tí a ti ń kó wàrà jọ. Warukira, tó ń tọ́jú àpò ẹgbẹ́, á fi ìṣó kan ìrù náà mọ́ pátákó, á sì wọn ànàmọ́ kún gorogoro kan fún un. Agolo gorogoro yẹn, ìdílé kan lè jẹ ẹ́ yó lọ́sàn-án. Inú àpò tí gbogbo wa dá jọ nígbà ìkórè ló ti ń bù ú. Ìrù kan, gorogoro kan. Àwọn ọmọdé fi ṣe orin.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Á tẹ igi tútù, á so wáyà mọ́ ọn, á tì í bọ inú ihò, bí huko bá ti ta á, igi á fò sókè, ẹran á rọ̀. Láàárín ọdún méjì, huko dínkù débi pé a ń kórè láìbú ẹnikẹ́ni. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Bí eku bá tán, ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ apẹku tán? Theuri ò gbà pé iṣẹ́ òun tán. Ìrù kò dáwọ́ dúró. Wọ́n kàn ń kéré sí i ni, wọ́n sì ń dúdú sí i.

Warukira pàápàá, tí kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè bí kò ṣe pé kí ni wọ́n sè, béèrè ìdí tí àwọn ìrù yìí fi tínrín tó bẹ́ẹ̀. Theuri rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ huko ni. Ó ní àwọn ìyá ti tán, àwọn ọmọ ló kù, bí a bá sì fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ náà kọ́ ló ń di ìyá? Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ mi orí. Orí funfun, orí dúdú, gbogbo rẹ̀ ló ń mì.

Ọmọ huko kọ́ o. Ẹran kékeré kan ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Irun rẹ̀ ṣú, ó sì dán, ojú rẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́, etí rẹ̀ bọ́ sínú irun, èékánná iwájú rẹ̀ gùn. Imú rẹ̀ ṣóńṣó, kò sì sinmi rárá, ó ń gbóòórùn kiri ṣáá. Inú igbó kúkúrú tó wà lókè, láàárín ọparun àti ibi tí òtútù kì í jẹ́ kí igi ga mọ́, ni ilé rẹ̀. Àwọn tí oko wọn kángun sí igbó náà, bíi tèmi, ni ó máa ń wá bá. Kò ní orúkọ lẹ́nu wa. Ohun tí kò ní orúkọ, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n máa ń pè é.

Kí n tó máa bú àwọn ènìyàn lọ, ó yẹ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, kí ó má di pé mo fi ti ara mi pamọ́. Ọkọ mi Wahome, ọdún mẹ́ta nìyí tó ti kú, ló kọ́kọ́ fi ẹran yìí hàn mí. Ọkọ́ rẹ̀ ló hú u jáde. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Nyaguthii, wá wo ẹnu rẹ̀."

Mo ní kó wo ẹnu tirẹ̀, nítorí láti àárọ̀ ni mo ti ń retí kí ẹnu náà sọ fún mi pé òun á lọ pọn omi. Ó ní asín ni. Ó ní asín tó gba iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ ni, pé eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́, pé irú eyín bẹ́ẹ̀ kì í jẹ gbòǹgbò. Mo bi í léèrè pé asín wo ló ń gbẹ́lẹ̀. Asín tí a mọ̀, abẹ́ koríko ló ń gbà sáré, ó sì ń rùn. Ó ní èyí náà ń rùn. Ó rùn lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kọjá lọ́nà dúró. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Bàbá Asín níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kan ìrù tuntun mọ́ pátákó, inú mi máa ń dùn. Ẹ rí i, èmi náà wà lára wọn.

Lẹ́yìn tó kú ni mo tó la ojú. Mo jókòó sí etí oko lọ́jọ́ kan, tíì mi wà lọ́wọ́, mi ò ní ẹni tí mo lè bú. Ilẹ̀ wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Imú ṣóńṣó yẹn yọ, ó ń fa ìdin funfun kan jáde, irú èyí tó sanra bí àtàǹpàkò, tó ń gé gbòǹgbò ànàmọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ìdin náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó jẹ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ọmọ tó rí ìrèké. Ó padà wọlé, ó tún fa òmíràn jáde. Tíì mi tutù, n kò mọ̀.

Lọ́dún yẹn, gbogbo oko tí Theuri ti "fọ̀ mọ́", ànàmọ́ wọn ń ṣubú lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí ẹ bá hú u, ìdin á kún ìdí rẹ̀. Wọ́n ní òjò ni. Wọ́n ní irúgbìn ni. Tèmi, tí kò tíì fọ̀, dúró. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn, wọ́n wò mí bí ẹni tí ìbànújẹ́ ti kọ lù lórí. Wọ́n ní opó tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, eku ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo bá sọ fún Theuri pé kó má fi ẹsẹ̀ tẹ oko mi mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí òfin kejì wà. Ẹni tí oko rẹ̀ bá ń fi huko pamọ́, tí huko ń ti ibẹ̀ lọ sí oko ẹlòmíì, ẹgbẹ́ á gba oko náà, wọ́n á fi fún ẹni tó bá lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ta ló dá òfin náà lábàá? Theuri. Ta ló máa ń fọ oko mọ́? Theuri. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá lè rí ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa kò rí i. Oko yẹn sì ni gbogbo ohun tí mo ní. Muchemi ọmọ mi ń wa ọkọ̀ ní Nairobi, ìkíni ló ń fi ránṣẹ́ sílé, a kì í sì se ìkíni lóúnjẹ. Bí wọ́n bá gba oko yẹn, èmi tó ń fún ẹlòmíì ní ànàmọ́, agbọ̀n ni màá gbé lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì.

Kabugi, alága ẹgbẹ́, ló wá jíṣẹ́ fún mi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ òun àti Wahome nílà, nítorí náà "ìyàwó wa" ló máa ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọkọ ẹni ṣe ń ṣe. Ó mu tíì mi, ó jẹ ànàmọ́ tí mo gún pọ̀ mọ́ àgbàdo àti ewé elégédé, ó fi ìka nu àwo, ó wá sọ pé bí Theuri kò bá wọ oko mi títí di ìpàdé Ọjọ́bọ̀, wọ́n á fún un ní oko náà.

"Ìyàwó wa," ó ní, "má jẹ́ kí eku gba ilé lọ́wọ́ rẹ."

Mo sọ fún un pé mo gbọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oúnjẹ mi tán kọ́ ni màá fi ohùn mi ṣòfò lé lórí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wá ibi tí ilẹ̀ wú, mo fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo mú ọ̀kan. Mo gbé e sínú korobá pẹ̀lú erùpẹ̀ àti ekòló tó pọ̀, nítorí mo ti mọ ìwà rẹ̀. Mo ti mú ọ̀kan rí, mo fi sílẹ̀ láìfún un lóúnjẹ, kí n tó fún wàrà màlúù tán kí n padà, ó ti kú. Ẹran tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi ni. Mo bo korobá, mo rù ú lọ.

Ọkọ̀ tó ń kó wàrà ti lọ nígbà tí mo dé ìsọ̀. Wọ́n ti jókòó sórí àwọn agolo wàrà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Warukira wà nídìí àpò ànàmọ́, gorogoro wà lọ́wọ́ rẹ̀. Theuri kò jókòó. Ó dúró sí abẹ́ pátákó, níbi tí àwọn ìrù ti ń gbẹ lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń fi oyè hàn.

Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní oko mi ni ilé ìtọ́jú aboyún fún gbogbo huko ilẹ̀ yìí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní ìkùnsínú sí ìyá àgbà kan, ṣùgbọ́n ebi ò mọ ìyá àgbà. Nígbà tó parí, mo tọrọ bàsíà tí wọ́n fi ń fọ agolo. Mo da korobá sínú rẹ̀. Asín náà bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí bàsíà ká, imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo bi Theuri léèrè níwájú gbogbo wọn pé kí ni èyí.

"Ọmọ huko ni," ó ní. "Ẹ wo ìrù rẹ̀."

Mo bi í léèrè ohun tí ọmọ huko ń jẹ. Ó ní ànàmọ́ ni, kí ló tún kù. Mo gba ànàmọ́ kan lọ́wọ́ Warukira, mo là á sí méjì kó lè gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, mo fi síwájú ẹran náà. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó gba orí ànàmọ́ kọjá. Ó tún gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ń fi imú gún ẹ̀gbẹ́ bàsíà, ó ń wá ilẹ̀. Ànàmọ́ wà níbẹ̀ bí òkúta.

Ẹ wá wo ẹnu àwọn àgbà. Ọ̀kan ní ojú ń ti ẹran náà nítorí èrò pọ̀. Ọ̀kan ní ànàmọ́ náà ti pẹ́ jù. Theuri ní ọmú ló ṣì ń mu, kò tíì mọ oúnjẹ jẹ. Kabugi mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí òun. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ́ ọmọ wọn ní ìwé nìyí, àwọn tó ń dájọ́ ààlà ilẹ̀ nìyí.

Mo wá tú etí aṣọ mi tí mo ta ní kókó. Ìdin funfun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo ti hú wọn láti oko Theuri fúnra rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀, ìdí ànàmọ́ rẹ̀ tó wó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ju ọ̀kan sínú bàsíà. Ẹran náà kò tilẹ̀ gbóòórùn lẹ́ẹ̀mejì, ó bò ó, ó fi èékánná mú un, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Mo ju èkejì. Mo ju ẹ̀kẹta.

"Ṣé wàrà ọmú nìyẹn?" mo ní. "Ẹ̀yin Alága, ọdún mélòó ni ẹ ti ń wo ìrù? Ìrù kì í jẹ ànàmọ́. Ẹnu ló ń jẹ ẹ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́, ọ̀rọ̀ Wahome ni. Kabugi wú ikọ́. Ó ní òun alára ti fura tipẹ́. Ó ti fura! Ó ní níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìdin ni ẹran yìí ń jẹ, huko kọ́ ni, nítorí náà kò sí huko nínú oko mi. Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé oko Nyaguthii, opó Wahome, ṣì jẹ́ tirẹ̀. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́.

Ǹ bá ti gbé korobá mi kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n Alága fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọlọ́gbọ́n ni òun. Ó ní òun á wo ẹnu náà fúnra òun. Ó gbé ẹran náà sókè, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Asín kì í ṣe ọmọ àlè, ó bu ìka Alága jẹ. Kabugi ké, ó gbọn ọwọ́, ẹran náà fò, ó balẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú Theuri. Bàtà Theuri ti wà lórí rẹ̀ kí n tó ya ẹnu.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín wàyí, bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, mi ò ní bá yín jà. Theuri bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ, ó gé ìrù rẹ̀. Kò ronú, mo ń wo ojú rẹ̀, kò ronú rárá. Ó na ìrù náà sí Warukira. Warukira náà ti bẹ̀rẹ̀ sínú àpò, ó ti bu ànàmọ́ kún gorogoro dé ẹnu, ó fi ọwọ́ tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo bi í léèrè pé kí ló ń ṣe. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní ṣé kì í ṣe ìrù ni?

Wọ́n yíjú sí Alága, ẹni tí ìka rẹ̀ wà lẹ́nu. Ó yọ ọ́ jáde.

"Ìrù ni," ó ní. "Òfin sọ pé ìrù kan, gorogoro kan. Òfin ò sọ pé ìrù ta ni."

Wọ́n mi orí. Warukira kan ìrù náà mọ́ pátákó, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Theuri gba ànàmọ́ rẹ̀. Apá kan nínú ànàmọ́ yẹn, láti oko mi ló ti wá, mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Ó so ẹnu àpò rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó wá yíjú sí mi, ó fi ọ̀wọ̀ rọ ohùn rẹ̀ nísisìnyí, nítorí ó ti rí ọjà tuntun.

"Ìyá Muchemi," ó ní, "irú ẹ̀ tó kù nínú oko yín, á tó mélòó?"

Gbogbo ojú bá yí sí mi. Oko ti di tèmi, wọn ò ní í gbà á mọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló kù tí wọ́n fẹ́. Èmi tí kì í pa irọ́, tí mo máa ń bú elékèé títí á fi sunkún, mo wo bàtà Theuri, mo sì pa irọ́.

"Ó ti tán," mo ní. "Èyí tó o tẹ̀ pa yẹn ló kù."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Kí ni wọn kì í gbà gbọ́?

Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀, kí àwọn tó ń ru wàrà tó gba ẹ̀bá oko mi kọjá, mo ti wà níbẹ̀. Mo ń lọ láti ebè dé ebè, ibi tí ilẹ̀ bá ti wú, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú ọ̀nà wọn. Orúnkún ń dùn mí, ìrì ń bọ́ sínú bàtà mi, mo sì ń bú wọn bí mo ṣe ń lọ. Mo ní alákorí ni wọ́n. Mo ní ṣé wọn ò lè gbẹ́lẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ní làákàyè, ṣé wọn ò mọ̀ pé ìrù ń bẹ lẹ́yìn wọn ni. Wọn kì í gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á tún ti hú gbogbo rẹ̀ padà, èmi náà á sì tún tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó Bàbá Asín ni wọ́n ń pè mí báyìí lẹ́yìn mi, mo ti gbọ́ ọ. Orúkọ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ọkọ mi ni, ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ ẹ.